Iná Pupa Ẹnu Ọ̀nà Ohùn-Oyin

Iṣẹ́ Ohùn-Oyin kò ju kí ó jókòó sílé, kí ó de fóònù mọ́rí, kí àwọn tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn bàjẹ́ sì máa bú u láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá bú u tán, á fi ohùn kan dá wọn lóhùn tó dùn débi pé èèrà ń tò wọ inú wáyà. Ariwo ilé wọn nìkan ni ìṣòro. Ilé alápatà ni. Ìyá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀, igbe ló ń ké. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí gbogbo ọjà ń pè ní Gé-e-Lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Bí ìyẹn bá sín, òrùlé á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá Ohùn-Oyin, tó máa ń dẹtí sí gbogbo ìpè láti ọ́fíìsì, ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ méjì sí i.

"Bí mo bá tún fi lè gbọ́ ariwo ilé yín," ó ní, "ilé náà ni kó o lọ máa bá ṣiṣẹ́."

Ni Ohùn-Oyin bá dọ́gbọ́n iná. Ó tú gílóòbù pupa lára ọkọ̀ kan tó ti kú, ó kun òmíràn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó lu agolo bísíkíìtì níhò méjì, ó sì kì wọ́n bọ inú rẹ̀. Ó so wáyà mọ́ bátìrì alùpùpù. Òjé gbígbóná tó fi lẹ wáyà jó o ní ìka mẹ́rin, ìkarùn-ún sá fún un ni. Ó kan agolo náà sókè ilẹ̀kùn níta, ó fa suwíìṣì rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Pupa: mò ń ṣiṣẹ́, ẹ má wọlé. Àwọ̀ ewé: ọwọ́ mi dilẹ̀, ẹ máa bọ̀. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ta ni kò mọ ohun tí iná pupa ń wí ní oríta?

Àwọn ará ilé tirẹ̀ ni. Láti ayé bàbá bàbá wọn, bí wọ́n bá ti pa ẹran tuntun, gílóòbù pupa ni wọ́n ń tàn sórí pákó: ẹ wọlé, ẹran ti dé. Èyí tó bá ti ń rùn, tó ti di ti ajá, abẹ́ iná aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń kó o sí, kí èèyàn gidi má bàa débẹ̀. Ohùn-Oyin nìkan ni kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń mú un dákú láti kékeré, kò dé ìsọ̀ ẹran rí.

Láàárọ̀ tó kọ́kọ́ tan pupa, obìnrin kan ti wà lórí fóònù, inú rẹ̀ ń hó.

"Ẹ̀rọ yín ti jẹ aṣọ mẹ́fà! Ó jẹ wọ́n ni, kò fọ̀ wọ́n!"

Gé-e-Lẹ́ẹ̀kan ń kọjá lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí pupa, ó ta ilẹ̀kùn ṣí.

"Àbúrò! Ìwọ náà ti tanná! Kí lo pa?"

Ohùn-Oyin fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbohùngbohùn, ó nawọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó tún lanu. Ohùn-Oyin rí lẹ́tà kẹta lójú inú rẹ̀. Ó já fìlà orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ká a, ó tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí dé ọ̀nà ọ̀fun.

Àbúrò fi fìlà di ẹ̀gbọ́n lẹ́nu! Ọwọ́ tí Gé-e-Lẹ́ẹ̀kan ì bá fi yọ ọ́, ẹ̀ṣẹ́ ló fi dì. Ti àkọ́kọ́ wọlé síkùn Ohùn-Oyin, oúnjẹ àná bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbájáde.

"Hẹ̀n-ẹ̀n-ẹn," ni ó wí, "mò ń gbọ́ yín, mà."

Èkejì yọ ehín iwájú rẹ̀. Ó gbé ehín náà mì kó má bàa dún nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà fún mi."

"Méje," ni obìnrin náà wí. Ohùn-Oyin fi orí kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nímú, ẹ̀jẹ̀ tú dé àjà. Ó yẹ kó dákú, kò ráyè.

"Méjì." Gé-e-Lẹ́ẹ̀kan gbé e, ó fi í na tìmùtìmù bí ẹni ń lu ẹ̀wà.

"Mẹ́sàn-án. Ṣé ẹ ń kọ ọ́?"

"Mò ń kọ ọ́, mà." Etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láàárín ehín rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó ń fà á bẹ́ẹ̀ títí ó fi tì í síta. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá, ó di wáyà fóònù mú. Ohùn-Oyin fi gbogbo ara ti ilẹ̀kùn. Ó rí i pé ọwọ́ wà láàárín. Ó tún tì í.

Kà!

"Kí ló kán yẹn?" ni obìnrin náà bi í.

"Pẹ́ńsùlù mi ni, mà. A máa gbé ẹ̀rọ tuntun wá fún yín."

"Áà, o ṣeun, ọmọ mi. Ọkàn mi balẹ̀."

Obìnrin náà gbé fóònù sílẹ̀. Ohùn ọ̀gá wọlé: "Mo gbọ́ ọ. Kò sí ariwo rárá lónìí. Iṣẹ́ rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ."

Ohùn-Oyin ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀, fìlà ẹlẹ́jẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tútù. Ìyá wọn ti sáré dé.

"Pupa ni mo rí, mo ní kí n wá wo ẹran!"

"Ẹran wo, Màmá? Pupa ni ẹ má wọlé!"

"Ta ló kọ́ ọ? Pupa ni ẹ wọlé, láti ayé bàbá ńlá yín!"

Ohùn-Oyin wo iná, ó wo ọwọ́. Ó wólẹ̀. "Bùọ̀dá mi, ẹ forí jì mí."

"Èyí tí mo fi ń gé ẹran ni," ni Gé-e-Lẹ́ẹ̀kan wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn rẹ̀ máa rẹlẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Fóònù tún dún. Ohùn-Oyin gbé ọwọ́ sórí láti bọ́ ọ. "Ẹ jẹ́ n gbé yín lọ sọ́sibítù."

Gé-e-Lẹ́ẹ̀kan fi ọwọ́ òsì gbá a létí. "Màmá á mú mi lọ. Iṣẹ́ èèyàn kan ti bọ́ nílé yìí láàárọ̀ yìí, o fẹ́ kó di méjì? Dá a lóhùn, ọ̀dẹ̀!"

Ohùn-Oyin padà sórí àga. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ẹnu rẹ̀ sórí tábìlì, omijé ń bá a sáré.

"Ẹ káàárọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Kí la lè ṣe fún yín?"