Eyín Ìbọn Nọ́ńbà Méje

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tún ìbọn àwọn aṣọ́gbó ṣe, ọ̀rọ̀ kan ni mo sì fi ń dá ẹni gbogbo lágara: bí ilé ọta ò bá bá ìbọn mu, má fi fáìlì tí à ń fi fá irin kan ìbọn. Ilé ọta, àpótí irin kékeré tí à ń to ọta sí, bó bá bàjẹ́, a ó jù ú nù. Ṣùgbọ́n eyín tó dì í mú nínú ìbọn, tó bá ti jẹ, ó jẹ náà nìyẹn. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Lánàá, wọ́n kó ilé ọta tuntun wá, kò sì bá ìbọn wa mu. Mo fi epo pa á, mo fàtẹ́lẹwọ́ gbá a, ó kọ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí ṣáá pé ṣé mi ò tíì ṣe tán ni. Inú fùfù mi bá gbé ìṣe rẹ̀ dé. Mo fa fáìlì yọ, mo kọjú sí eyín ìbọn nọ́ńbà méje, mo fá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé ọta wọlé wẹ́rẹ́. Mo tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ń gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí ni mo rí ìyẹ̀fun irin lórí tábìlì. Ó ti pọ̀ jù. Eyín náà ò ní lè di ilé ọta mú mọ́. Mo sáré wo ìwé tí wọ́n fi ń gbé ìbọn jáde: àbúrò mi ló gbé nọ́ńbà méje, wọ́n sì ti wọgbó lọ tọpa ẹfọ̀n kan tó gbọgbẹ́. Bí ilé ọta bá já bọ́, ọta kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ìbọn ló kù fún un.

Mo yí tábìlì po bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú. Oṣù tó kọjá, mo bú ọkùnrin kan tá a jọ ń tún ìbọn ṣe títí ó fi sunkún lórí ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an, Ọ̀gá sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo lọ bá Ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn tó wà nínú igbó. Nọ́ńbà méje ò dára. Èmi ni mo fá eyín rẹ̀."

"Ìwọ kẹ̀?"

"Ẹ pè wọ́n ná, kẹ́ ẹ tó lé mi!"

Ó pè lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn àbúrò mi dé, wúyẹ́wúyẹ́. Mo já ẹ̀rọ náà gbà.

"Padà sẹ́yìn! Ilé ọta yẹn máa já bọ́ o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti já bọ́ láti wákàtí méjì sẹ́yìn, nígbà tá a sọdá odò. Okùn bàtà ni mo fi so ó."

"Kí ló dé tó ò sọ fún ẹnì kankan? Ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lùwé pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tí mo bá sọ, wọ́n á lé yín."

Ọ̀gá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí gbogbo wọn máa bọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń sunkún. Wákàtí méjì ni ọmọ ìyá mi ti fi ìbọn tó fi okùn bàtà so tọpa ẹfọ̀n, kí n má baà rí ìtìjú.