Ọjọ́ Tí Joy Wá Ìlú Rẹ̀ Lọ

Kí agogo ìsinmi tó dún lọ́jọ́ Jímọ̀ náà ni Adépéjú ti mọ̀ pé òun ti ṣe ohun tí kò dára. Bí ó ti burú tó ni kò tíì mọ̀.

Olùkọ́ kíláàsì kẹta ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà dá lórí ìdílé àti ìlú ẹni, ó sì ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ki oríkì ilé wọn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ki díẹ̀ nínú tiwọn, wọ́n gbàgbé ìyókù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan Joy, ọmọ náà fọwọ́ sẹ́yìn, ó ki tirẹ̀ láìsinmi, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ohùn àgbà obìnrin.

Adédèjì ló fò dìde. "Mà, oríkì ilé wa ló ń kì yẹn. Ó jí i ni. Wọn kì í ṣe ará ibí."

Òótọ́ ni pé Joy kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Bẹ́núé ni baba ìyá rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ oko. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí Oǹdó, ọ̀dọ̀ onílé wọn, Ìyá Bísọ́dún, ni ọmọ náà ń gbé, ọmọ ìdílé Adédèjì sì ni ìyá àgbà náà. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ fi dá Adédèjì lóhùn pọ̀. Èyí tó bọ́ lẹ́nu Adépéjú ni, "Joy, jókòó. Lọ bi màmá rẹ léèrè ibi tí ẹ ti wá, kí o sọ tiyín fún wa lọ́jọ́ Ajé."

Ọmọ náà jókòó. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ara Adépéjú balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọlé láti ibi ìsinmi, àyè Joy ṣófo. Báàgì rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Adépéjú fi kíláàsì sílẹ̀ fún olùkọ́ kejì, ó gba ọ̀nà ilé Ìyá Bísọ́dún lọ. Ìyá náà ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́.

"Kò tíì wá ulé," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wojú olùkọ́. "Tíṣà, ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wà?"

Adépéjú kò dúró ṣàlàyé. Níbi tí àwọn ọkọ̀ Oǹdó ti ń kérò ni awakọ̀ kan ti sọ fún un pé òun rí ọmọ kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù. "Ó ní òun ń lọ bá màmá òun. Ìyá ọlọ́mọ kan gbé e sórí itan, a rò pé òun ló ni ín. Ọkọ̀ yẹn ti lọ."

Ó pe ìyá Joy, fóònù rẹ̀ kò lọ. Gbogbo ohun tí Adépéjú mọ̀ kò ju pé ibi tí wọ́n ti ń ra kòkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó wọ ọkọ̀ tó kù. Etí ìjókòó ló fìdí lé títí wọ́n fi dé Oǹdó. Gbogbo ọmọdé tó bá rí létí títì, á na ọrùn wò ó. Nígbà tí awakọ̀ yà ra epo, ó bọ́ sílẹ̀, ó tún wọlé, ó tún bọ́ sílẹ̀.

Oǹdó ni wọ́n ti bí Adépéjú, ilé baba rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Nínú ìsọ̀ kòkó àkọ́kọ́, ó bá bàbá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, ó sì fi èdè Oǹdó kí i. Àmọ́ ó ti pẹ́ nílé ọkọ ní Àkúrẹ́, èdè méjèèjì ti wọnú ara wọn lẹ́nu rẹ̀.

"Níbo lẹ ti wá, ìyàwó?" ni bàbá náà bi í.

"Ibí náà ni." Ó tún un sọ. "Àkúrẹ́ ni mo ti ń bọ̀."

"Ọmọ ta ni yín níbí?"

Ó dárúkọ baba rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ni bàbá náà wí, ó ń wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Ẹ̀yin ni mi ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò sáyè àtidúró banú jẹ́ tàbí bínú. Ó béèrè àwọn obìnrin tó ń ṣa kòkó, bàbá náà sì nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Joy wà níbẹ̀, lórí àpò kan, ó ń jẹ ẹ̀pà. Adépéjú sáré lọ bá a. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Tíṣà," ni ìyá Joy wí, ó gbé kòkó tó ń ṣà sílẹ̀, "ọmọ mi dá wọkọ̀. Bí wọ́n bá gbé e lọ ńkọ́?"

"Ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ó ní ẹ ní kó wá bi mí ibi tí a ti wá. Oko kòkó kan lẹ́yìn ìlú níbí ni wọ́n bí mi sí. Ìlú tí bàbá mi máa ń sọ, mi ò débẹ̀ rí. Èdè rẹ̀ tí mo gbọ́ kò tó fi ra iyọ̀. Kí ni kí n sọ fún un?"

Adépéjú yíjú sí ọmọ náà. "Joy, mo ṣe àṣìṣe. Oríkì tí ìyá àgbà fi ń jí ọ láràárọ̀, tìrẹ ni."

"Adédèjì ní mo jí i."

"Adédèjì kò mọ̀. Èmi ló yẹ kí n mọ̀."

Joy ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin mọ ibi tí ẹ ti wá, mà?"

"Mo rò pé mo mọ̀," ni Adépéjú wí.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ilé-ìwé ní kó bọ́ sórí ẹ̀kọ́ mìíràn. Kò bọ́ síbẹ̀. Ó nu pátákó mọ́, ó bi àwọn ọmọ pé, "Bí ẹ kò bá délé lónìí, ta ni yóò wá yín?" Ariwo sọ. Wọ́n dárúkọ ìyá, pásítọ̀, Akínsànyà ọlọ́kadà tó ń gbé wọn wá. Ọmọ kan dárúkọ ajá wọn.

Nígbà tó kan Joy, ó dìde. "Mi ò tíì fẹ́ sọ." Adépéjú jẹ́ kó jókòó.

Adédèjì nawọ́. "Mà, èmi náà wá a lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo dé ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́. Ejò wà níbẹ̀."

"Kò séjò níbẹ̀," ni Joy wí.

"Ó wà."

"Irọ́ lò ń pa."

Àwọn tó kù gbè sí ìjà náà, àwọn kan lẹ́yìn Joy, àwọn kan lẹ́yìn Adédèjì. Adépéjú jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn lọ. Ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí, ó ń wo ọ̀nà, nítorí láti Jímọ̀ ni kò ti lè kẹ̀yìn sí i mọ́.