Ọkọ̀ Tí Kò Gún Régé

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́ kó tó dé etí Ìyá Ẹ̀rọ.

"Ẹ kú orí ire o!" ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ eré orí omi wí lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó ń kí ìyá ọmọ tuntun. "Ọkọ̀ yín yege. Lánàá tí a yẹ gbogbo wọn wò, tiyín ni gbogbo èèyàn ń yí po."

"Lánàá kẹ̀? Ṣebí ẹ sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni."

"Ọjọ́ ọ̀hún yí padà. A ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù yín. Àbí ẹ̀gbọ́n rẹ ò sọ fún ẹ ni? Òun ló gbé e wá, orúkọ ẹ̀ la sì kọ."

"Mà, èmi ni mo kan ọkọ̀ yẹn."

"Háà. Àmọ́ a ti parí ìforúkọsílẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá ti wọlé, òun ló máa wà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ìyá Ẹ̀rọ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ṣe é yẹ̀yẹ́, lọ́jọ́ tó lọ gbé ẹ̀rọ ìgékoríko kan tó ti kú lórí ààtàn, tó gbá a mọ́yà bí ọmọ ọwọ́ wálé, tí epo dúdú ń ro sí i láṣọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa fi sáńpépà ha àga kí wọ́n tó kùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ á wà lára àga, ojú rẹ̀ á ti gba ojú fèrèsé jáde. "Ẹ bá mi pe ẹni yìí padà o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wí, "ara ẹ̀ nìkan ló wá síbi iṣẹ́."

Ibi tí ọkàn rẹ̀ ń lọ ò ju orí omi lọ. Ó ti rí i nínú fóònù oníbàárà kan: ọkọ̀ kéékèèké tí ń fi bẹntiróòlù sáré, kò séèyàn nínú wọn, olúwa wọn dúró sí etí omi, ó mú rìmóòtù dání. Kì í ṣe eré náà ló mú un lọ́kàn jù. Ohun tó mú un ni pé ọkọ̀ náà kì í lúwẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ kúkúrú méjì níwájú, ẹnu abẹ̀bẹ̀ tí ń yí lẹ́yìn, ibi mẹ́ta yìí nìkan ló ń kan omi. Atẹ́gùn á gba abẹ́ ikùn rẹ̀ wọlé, á gbé e, á wá máa lọ bí ẹni tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ sáré kọjá lórí ilẹ̀ gbígbóná. "Ọkọ̀ tó kórìíra omi," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì dá rẹ́rìn-ín, "tí kò sì ríbòmíràn gbé."

Ó yà á sórí páálí, ó gé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ti àkọ́kọ́ wúwo, ńṣe ló ń wọ́ nínú omi bí ìgbín. Ìkejì fúyẹ́ jù, atẹ́gùn gbé imú rẹ̀ sókè, ó sì yí dànù. Ìgbà tó kan ìkẹta ló tó mọ ibi tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jókòó sí, tí imú ò fi ní gbé sókè, tí ìdí ò sì ní rì. Ó tú ẹ̀rọ ààtàn náà palẹ̀, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó so ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn tí yóò máa bu omi sí i lára bó ṣe ń sáré, kó má baà gbóná kú.

Ó wá ku ti irin abẹ. Nínú eré yìí, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni gbogbo ọkọ̀ máa ń yà sí, títí eré á fi parí. Torí náà ló ṣe de irin pẹlẹbẹ kan tó mú bí abẹ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kó lè máa bu omi jẹ níbi tí wọ́n bá ti ń yà, kí ọkọ̀ má yọ̀ tẹ̀rẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ òsì ò ní nǹkan kan. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ó kan jẹ́ pé nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ́ òfin: gún régé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á di ojú kan, á fi ojú kejì wo ìlẹ̀kùn, àpótí, ibùsùn. Bí apá ọ̀tún ò bá bá apá òsì dọ́gba, kò ní jáde níbẹ̀ láéláé. Òfin yìí ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ládùúgbò.

Nígbà tí Ìyá Ẹ̀rọ gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí tábìlì. Irin abẹ kejì ti wà lára ẹsẹ̀ òsì, ó ń dán, ó jọ ìkíní bí ìbejì.

"Bùọ̀dá, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ mi?"

"Mo bá ẹ parí ẹ̀ ni. O gbàgbé ẹsẹ̀ kan." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ní kí n má fi ti àyẹ̀wò dí ẹ lọ́wọ́, o ṣì ń ha àga mẹ́fà yẹn. Wò ó, ó ti gún régé báyìí."

"Mi ò gbàgbé. Ńṣe ni mo fi í sílẹ̀. Ó máa dojú dé."

Bàbá tó ń kun àga, tí wọ́n ń pè ní Fínífíní, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ẹ̀rọ, ṣé o ti rí arọ tó ń bá ẹlẹ́sẹ̀ méjì sáré ni?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ dán an wò, bàbá. Omi ò mọ ojú ẹnikẹ́ni."

Ọ̀sán yẹn náà ni wọ́n lọ sí adágún tí ẹgbẹ́ ń lò. Bọ́ọ̀lù pupa léfòó níbi tí ọkọ̀ yóò ti máa yà. Ẹ̀gbọ́n ló gba rìmóòtù. Ìyá Ẹ̀rọ fa okùn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ké bí ẹni tí agbọ́n ta, Ìyá Ẹ̀rọ sì ju ọkọ̀ sójú omi. Ọkọ̀ náà gbéra. Omi funfun tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù àkùkọ.

"Ẹ wò ó!" ni ẹ̀gbọ́n kígbe. "Ẹ wo iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi!"

Ó dé ibi bọ́ọ̀lù, ó yà sọ́tùn-ún. Ara ọkọ̀ tẹ̀ sí òsì, bí èrò ọkọ̀ ṣe máa ń tẹ̀ síta ní kọ́nà. Irin abẹ òsì rì wọ omi, ó há síbẹ̀, ìyókù ọkọ̀ sì gba orí rẹ̀ fò kọjá. Ó dojú dé. Ariwo dá.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Fínífíní pàápàá ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ wọ́dò títí omi fi dé àyà rẹ̀, ó sì gbé e jáde. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fa okùn títí omi fi tán nínú ẹ̀rọ, ó wá fi súkúrùdíráfà yọ irin òsì, ó sì gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gba rìmóòtù, kò tọrọ ẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ náà dé ibi bọ́ọ̀lù, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún já omi, ó yà, ó sì ń lọ. Ó tún yà. Ó tún ń lọ. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ Ìyá Ẹ̀rọ lára, eyín rẹ̀ ń gbá pàpà, kò sì mọ̀. Nígbà tó gbé ọkọ̀ wá sétí omi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì mú irin òsì náà lọ́wọ́.

"Ó dáa, o jàre," ló wí. "Kò gún, àmọ́ ó ń sáré. Àbúrò mi, gbọ́. Orúkọ ti wọlé, kò ṣe é yí. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á. Mo ti sọ fún kọntirakítọ̀ kan tó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, tó ń wá káfíńtà, pé kó wá wo iṣẹ́ wa lọ́jọ́ eré. Tá a bá ti jáwé olúborí, màá kó pákó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó di tìẹ pátápátá. Nílé, gbogbo wa á mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é."

Yàrá ẹ̀yìn yẹn ní fèrèsé tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ìyá Ẹ̀rọ ti tò ó lọ́kàn rẹ̀ láìmọye ìgbà: tábìlì níbí, ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ mẹ́rin lára ògiri bí ẹyẹ. Ó tún rí i lójú ẹ̀mí báyìí. Ó jẹ́ kó kọjá lọ.

"Nílé," ló tún ọ̀rọ̀ náà sọ. "Níta ńkọ́?"

"Níta, ṣebí orúkọ kan náà là ń jẹ́? Ọmọ bàbá kan náà ni wá."

"Ọmọ bàbá kan náà ni wá, Bùọ̀dá. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ ìkíní ń wọ́ bí ìgbín, orúkọ mi nìkan ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ ò bá mi gba díẹ̀ nínú yẹn."

Fínífíní wúkọ́. "Ọmọdé kì í bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ du..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí, kò wo ẹ̀yìn. Ojú àbúrò rẹ̀ ló ń wò. "Tó ò bá sáré lọ́dún yìí, ìwọ náà lo pàdánù. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó tẹríba, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi kúrò lórí ẹ̀rọ, ó gbé ọkọ̀ náà há abíyá.

"Bùọ̀dá, ẹ ṣé, àmọ́ mi ò gbà. Ọkọ̀ yìí ò ní sáré lórúkọ yín. Tí ẹ bá lé mi ní ṣọ́ọ̀bù torí ẹ̀, ẹ ò jẹ̀bi. Mò ń gbé e lọ sílé. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá gbé e wá, lórúkọ tèmi, èmi ni màá sì wà á."