Ọjọ́ Méje Tí Ẹ̀rọ Ìgbẹ́ Fi Dákẹ́

Ẹni tó bá ní ọ̀gá mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi sọ fún un kó panu mọ́. Èmi Adérógbà ni mo fà á.

Oko màlúù oníwàrà kan wà lọ́nà Ilo-Awela, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fún ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń fún ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí náà ni: èyí tó gbẹ á bọ́ síta, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ á wá kó o, omi ẹ̀ á lọ sínú kòtò. Tí ẹ̀rọ ò bá ṣiṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ kòtò.

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ra ilẹ̀ káàkiri Ọ̀tà ni ṣọ́ọ̀ṣì tiwa náà ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ oko wa. Tí ẹ̀rọ bá ti ń lọ báyìí, òórùn á gba ibẹ̀ kan, àwọn ará á dimú, wọ́n á ní, "Bọ̀dá Ìgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó dùn mí wọra. Nígbà tí ìsọjí ọlọ́jọ́ méje dé, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá Ṣótúndé pé ká jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi títí ìsọjí á fi parí.

"Kòtò ńkọ́?" ọ̀gá bi mí.

"Á gbà á, sà."

Irọ́ burúkú! Mi ò tiẹ̀ yọjú wo kòtò.

Lọ́jọ́ kẹfà, òjò rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kòtò ti kún àkúnya, omi dúdú ti gba abẹ́ fẹ́ǹsì lọ yí kànga tuntun ṣọ́ọ̀ṣì ká. Kànga tí wọ́n fẹ́ yà sí mímọ́ lọ́jọ́ náà gan-an! Àwọn aláboyún ló sì máa kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Ìyàwó mi, Ọmọ́túndé, wà lára wọn, oyún oṣù méje, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tá a ti ń wojú Olúwa.

Ó yẹ kí n figbe ta. Aṣọ funfun mi ni mo lọ wọ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń kí àwọn èèyàn káàbọ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé kànga náà jìn. Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló wí. Wọn ò sọ ikú ta ni.

Wọ́n fa omi. Ó dúdú díẹ̀. Pásítọ̀ ní kànga tuntun ni, kí wọ́n má fòyà. Wọ́n ṣe àmín. Ọmọ́túndé ló ṣáájú àwọn aláboyún. Ó gba ife omi, ó dojú kọ ògiri, ó ń gbàdúrà. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra.

"Ẹ má mu ún! Ìgbẹ́ màlúù ti wọ ibẹ̀! Èmi ni mo ní kí wọ́n má tan ẹ̀rọ!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn: "Bọ̀dá Ìgbẹ́ tún ti dé."

Ọmọ́túndé yíjú sí mi.

"Ọkọ mi, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láàárọ̀."

Ó dojú ife náà kọlẹ̀. Ẹ̀kán omi kan ò jáde.