Ta Ni Eyínmẹ́nugún?

Èèyàn mẹ́jọ ló ní egbò nínú ìwé. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ní egbò nínú kọ̀m̀pútà. Moríkẹ́ kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀, ó fi ìka kà á bí ọmọ jẹ́léósinmi, iye yẹn kò yí padà.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìlera kékeré tó wà létí omi ní Ugbonla kò ṣòroó sọ. Afẹ́fẹ́ kan ni wọ́n ń fẹ́ sí egbò ẹsẹ̀ àwọn apẹja. Pílásímà ni wọ́n ń pè é: iná mànàmáná ti sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró, síbẹ̀ kì í jó ara. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ tán, wọ́n á ha díẹ̀ lára egbò, wọ́n á gbé e sábẹ́ awò maikirosikóòpù, kámẹ́rà orí awò náà á sì ya àwòrán rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Dókítà Juwairiyyah ní Àkúrẹ́. Lábẹ́ awò, kò sí ojú, kò sí imú. Ara ọba àti ara ìwọ̀fà, ọ̀kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń tẹnu mọ́ ọn pé àwòrán tí wọn kò bá kọ ìtàn rẹ̀ sí i lára, ẹrù òfo ni. Ta ló ni ín? Ọjọ́ wo ni wọ́n yà á? Báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe pẹ́ tó lójú egbò?

Ó tún wá fi òfin kan kún un. Nítorí àṣírí, wọn kò gbọdọ̀ kọ orúkọ aláìsàn. Nọ́ńbà ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Moríkẹ́ àti Rhoda, àwọn obìnrin méjì tó ń ya àwòrán, wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ilé Olówòkéré ni àwọn méjèèjì, ará ilé yẹn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn elégbò. Ìyàwó wo ló ń pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ tẹ́lẹ̀? Dókítà ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀. Wọ́n pa nọ́ńbà tì. Wọ́n pín àwọn elégbò ní mẹ́rin mẹ́rin, kálukú sì sọ tirẹ̀ lórúkọ. Moríkẹ́ kọ Adúmáadán fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ó kọ Bàbá Princess fún ọkọ tirẹ̀. Rhoda, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, tó ń pe gbogbo wọn ní "ọkọ mi" nínú ilé, ronú orúkọ tuntun fún wọn, ó kọ ọ́ sínú kọ̀m̀pútà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àṣírí ni wọ́n ní kó pa mọ́, ó sì pa á mọ́.

Wọ́n ń bá eré lọ títí di ọjọ́ Ajé tí dókítà pè. Àwòrán mẹ́ta kan wà lábẹ́ Eyínmẹ́nugún, ó ní, ohun tó wà níbẹ̀ sì ti ń jẹ lọ sí egungun. Bí onítọ̀hún kò bá dé Àkúrẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà ni. Ta ni? Rhoda nìkan ló mọ̀, Rhoda sì ti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, fóònù rẹ̀ ti já sódò.

Moríkẹ́ dá ọgbọ́n kan. Ẹni tí wọ́n bá pè ní Eyínmẹ́nugún, ṣebí eyín rẹ̀ ni yóò fi í hàn? Ó bá lọ yẹ àwọn mẹ́rin tí Rhoda ń tọ́jú wò. Ó ní kí Godwin rẹ́rìn-ín fún òun. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán. Ti Ìsìmáílà ti pọ́n fún obì. Ti Ṣèyí funfun nini, ọkàn rẹ̀ sì fẹ́ẹ́ balẹ̀, àfi ìgbà tí Ṣèyí fi ẹsẹ̀ tó ní egbò nígbà kan fò lórí afárá pákó kó lè rí i pé ó ti jinná. Bàbá àgbà tó ṣe ìkẹrin kò ní eyín kankan. Ó ya ẹnu fún un kó wò ó dáadáa, ó tún bi í bóyá kí òun là á sí i. Moríkẹ́ darí sílé, orí rẹ̀ dàrú ju bó ṣe jáde lọ, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ń jẹrà lọ níbì kan, kò sì mọ ilé tí yóò ti lọ kan ilẹ̀kùn.

Ti ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Egbò ọrùn ẹsẹ̀ Bàbá Princess ti san. Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán tó fi hàn bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì sọ fún un lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá pé ó lè padà sókun. Inú ọkùnrin náà dùn, ó kó àwọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́rú, Moríkẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Oríòkè-Ìwàmímọ́. Ó bá Rhoda níbi tó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Ó kí i kú ewu ọmọ, ó gbé ọmọ náà wò, lẹ́yìn náà ló béèrè. Rhoda ò wo ojú rẹ̀ mọ́.

"Ìyálé mi, ọkọ yín ni."

Moríkẹ́ ní kó tún un sọ. Rhoda sọ pé lọ́jọ́ tí Moríkẹ́ lọ sí Ode Mahin ni ọkùnrin náà yọ́ wá, tó gbé gìgísẹ̀ sókè, ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ó ní ìkarahun ló gún òun, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ìyàwó òun, nítorí kò ní jẹ́ kí òun lọ sókun mọ́. Ìgbà mẹ́ta ló wá. Ìgbà mẹ́ta náà ni Rhoda fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tó sì ya àwòrán.

"Mo rò pé dókítà á ti mọ̀ pé ẹnì kan náà ni," ó ní. "Ṣé kọ̀m̀pútà ò mọ̀ ọ́n ni?"

Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ti san, ó ti lọ sókun, èkejì ń jẹrà, kò sì lẹ́ni. Moríkẹ́ fẹ́ bínú sí Rhoda, ó fẹ́ bínú sí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló kọ Bàbá Princess? Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó jáde sórí afárá pákó.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tó pè ni ọkọ rẹ̀ tó gbé e. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ nínú fóònù, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń dún. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń gbé, kò pè é lórúkọ rí. Ó la ẹnu láti sọ pé Bàbá Princess, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Bàbá Princess lẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Òun kọ́ ló ń wá.

"Godspower," ó ní.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún. Ohùn ọkọ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ta ló kú?"