Ihò Tí Èmi Kò Jẹ́ Kó Lu

Láti ìgbà tí a ti sin ọmọ mi ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ ló ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Èmi kò fẹ́ kó ṣe é, ṣùgbọ́n àtisọ ọ́ ti sú mi.

Irin tí omi há sí nínú ló pa ọmọ náà. Iná rẹ̀ mú omi hó, ooru kò rí ọ̀nà jáde, irin sì bẹ́ lù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbúrẹ́dì gbé irin róbótó gígùn tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń tẹ ìyẹ̀fun wá. Inú irin náà ṣófo, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti là.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, ṣe kíá. Ìyẹ̀fun mi ń wú nílé bí ẹni tí wọ́n bú."

Ìyàwó ọmọ mi fi awò dúdú bojú, ó tan gáàsì.

"Kọ́kọ́ lu ihò sí i," ni mo wí.

"Bàbá, ibi tó là yìí náà ni ihò rẹ̀. Ooru á gba ibẹ̀ jáde."

Oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, irin tó ti là, ẹ tún ní kí wọ́n lu ú? Ṣé ajere lẹ fẹ́ sọ ọ́ dà ni?"

Mo kọjú sí ìyàwó ọmọ mi. "Ibi tó là yẹn lo fẹ́ dí. Bí o bá dí i tán, ibo ni ooru á gbà?"

"Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe é nìyí."

"Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí.

"Ogún ọdún ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀, orí ló ń kó mi yọ. Ìgbà tí ọkọ rẹ fẹ́ máa lu ihò, mo ní ọ̀lẹ ni."

Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn ní ọmọ náà kò fara balẹ̀ ni. Mo gbọ́, mi ò fèsì.

Ìyàwó ọmọ mi pa iná, ó mú dírìlì. Bí irin náà ṣe lu, omi tú jáde, ó tó ife kan. Omi tí oníbúrẹ́dì fi ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ti ń gba ojú ibi tó là wọlé. Oníbúrẹ́dì sún sẹ́yìn títí ó fi dé ojú títì. Kò ṣàwàdà mọ́ títí a fi jó irin rẹ̀ tán, tó sì gbé e lọ.

Ìyàwó ọmọ mi bọ́ awò lójú.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé àìlu ihò ló pa á?"

"Láti ọjọ́ tó kú."

Ó mú ìgbálẹ̀. Ó gbálẹ̀ dé ìdí àga mi, mo sì fẹ́ dìde fún un.

"Ẹ jókòó," ló wí. Kò fi Bàbá kún un. Ó gbá ilẹ̀ yí ẹsẹ̀ mi ká, ó bá tirẹ̀ lọ.