Òdo Tí Kò Pa Nǹkan Kan

Aago méjì ọ̀sán ti lù, àpótí kékeré orí tábìlì ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe. Ẹnjiníà, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é fún bàbá rẹ̀: bọ́tìnì ńlá mẹ́ta, pẹ̀lú ojú gíláàsì kan tó ń fi lẹ́tà hàn. Bọ́tìnì kan á sún lẹ́tà síwájú, ìkejì á dá a padà, ìkẹta á mú un. Tí wọ́n bá ki wáyà USB rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí kọ̀ǹpútà gbà pé kíbọ́ọ̀dù ni. Àmọ́ kọ̀ǹpútà olóríkunkun yìí ń kọ ọ́ sójú pé, "A rí fílásì tuntun. Ṣé ká pa ohun inú rẹ̀ rẹ́?"

"Orí ẹ ni wàá pa rẹ́!" ni Ẹnjiníà fi dá a lóhùn.

Bàbá jókòó tì í lórí àga onítáyà. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti oṣù mẹ́jọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, ohùn wọn ti lọ, ìka ọwọ́ òsì kan ṣoṣo ló ṣì ń gbọ́ràn. Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, apòògùn, ní Bàbá ò mọ ohun tó ń lọ mọ́, pé kí àwọn ọmọ méjèèjì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kí wọ́n gbé wọn lọ sílé ìtọ́jú àgbàlagbà. Ẹnjiníà ní irọ́ ni, làákàyè Bàbá pé, ilé ni wọ́n máa wà. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó dáa, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn. Ohun tí wọ́n bá wí la máa ṣe." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àbùkù! Aago mẹ́rin ni Ẹ̀gbọ́n máa dé.

Ẹnjiníà tún ṣí fáìlì ètò. Kò kúkú kọ iṣẹ́ USB náà fúnra rẹ̀. Ta ló fẹ́ ya wèrè? Kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ ló mú. Kéèyàn tó pa á pọ̀ sínú ṣíìpù, ọpọlọ àpótí náà, á kọ́kọ́ sọ nínú fáìlì yìí ohun tó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́. Fáìlì iṣẹ́ àtijọ́ kan ló dà kọ. Oníbàárà ìgbà yẹn fẹ́ fílásì tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì, Bàbá ò fẹ́. Ó wá fi oókan, ìyẹn "mo fẹ́", síwájú kíbọ́ọ̀dù, ó fi òdo, ìyẹn "mi ò fẹ́", síwájú fílásì. Àbí kí ni wọ́n ń pè ní òdo?

Ó ti pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti bú gbogbo wọn. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù kó tó ronú láti ka kóòdù tó yá lò náà. Ó kà á, ó pariwo. Àṣé kóòdù náà kì í wo nọ́ńbà! Ohun tó ń bèèrè ò ju "ṣé orúkọ fílásì wà níbẹ̀?" lọ. Tó bá ti wà, ó ti gbà á nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ géètì ni, tó ń wo orúkọ inú ìwé nìkan, tí ẹ sì lọ kọ "má jẹ́ kó wọlé" síwájú orúkọ ọ̀tá yín. Fílásì wọlé, ó gba gbogbo àyè inú ṣíìpù, kíbọ́ọ̀dù wà níta.

"Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́nu iṣẹ́," ó ń bá ara rẹ̀ wí, "ìwọ ọ̀dẹ̀ yìí!"

Ó pa ìlà fílásì rẹ́ pátápátá nínú fáìlì rẹ̀, ó tún kóòdù pa pọ̀, ó ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní, "Kíbọ́ọ̀dù." Ẹnjiníà jó yí tábìlì ká.

Ẹ̀gbọ́n wọlé, fọ́ọ̀mù wà lábíyá rẹ̀. "Ẹnjiníà, àpótí ẹ ti ń sọ̀rọ̀?"

"Bọ̀dá, ẹ jókòó kí ẹnu lè yà yín dáadáa." Ó yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ẹ sọ fún wọn. Ṣé ẹ fẹ́ lọ síbẹ̀?"

Ìka Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ẹnjiníà ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni ń kéde èsì ìbò. Nígbà tó yá, ó tún un kà lójú kọ̀ǹpútà. Tíṣà ò fi àmì ohùn kankan sílẹ̀: MO FẸ́ LỌ.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ṣi bọ́tìnì tẹ̀?"

RÁRÁ. ARIWO YÍN PỌ̀ JÙ. MO FẸ́ SINMI.

Ẹ̀gbọ́n, tó borí, ò lè gbójú sókè. Ó dun Ẹnjiníà wọnú eegun. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sídìí wáyà. Tó bá fà á yọ, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, á lè ní àpótí tún ti di fílásì. Ó mú ọwọ́ kúrò.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ lọ, Bàbá?"

LỌ́LA.

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ fún mi ní bírò."